Iṣẹ́ Gíráfíìkì ní Ìkóríta Ọ̀rẹ̀

Ìkóríta ni Ọ̀rẹ̀. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó wá, tí ó gba Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, ibẹ̀ ni ó gbà lọ sí Bìní àti sí ilẹ̀ Ìgbò. Ọ̀nà Oǹdó wá pàdé rẹ̀ láti apá àríwá, ọ̀nà Òkìtìpupa sì wá pàdé rẹ̀ láti apá gúúsù. Nítorí náà ni kò fi sí irú ènìyàn tí kì í gba ibẹ̀ kọjá: awakọ̀ ajágbé, oníṣòwò igi gẹdú, àgbẹ̀ oníkòkó, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń padà sí ilé-ẹ̀kọ́, àti èrò inú bọ́ọ̀sì ńláńlá tí ebi ti ń pa láti òwúrọ̀. Àwọn tí ó dàgbà mọ ìlú náà mọ́ ogun 1967, nígbà tí a dá àwọn ọmọ-ogun Bìáfúrà dúró níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn fi ń wí pé, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!” Ṣùgbọ́n àlejò tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní ìdíkọ̀ lónìí kò ní rí ogun. Pátákó ni yóò kọ́kọ́ rí: pátákó ilé oúnjẹ, ti oníṣègùn, ti ilé ìjọsìn, ti alátùn-únṣe táyà, èyí tí a fi ọwọ́ kọ àti èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sára fúlẹ́ẹ̀sì, gbogbo wọn ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Olúkúlùkù wọn ni ẹnì kan jókòó rò kí ó tó di ohun tí a gbé dúró. Iṣẹ́ ẹni náà ni à ń ṣàlàyé níhìn-ín.

Gíráfíìkì ni àwọn ará ìlú ń pe iṣẹ́ náà. Ní ìgbà tí ó jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà nìkan ni a fi ń ṣe é, áátíìsì ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ náà, orúkọ yìí kò sì tíì parẹ́. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń mú ọ̀rọ̀, àwòrán àti àwọ̀, ó ń tò wọ́n pọ̀ sí ojú kan, kí ẹni tí ó bá wò ó lè tètè mọ ohun tí a fẹ́ kí ó mọ̀. Èyí ni ó fi yàtọ̀ sí ẹni tí ń ya àwòrán fún ẹwà lásán. Ayàwòrán lè ya ohun tí ó wà lọ́kàn ara rẹ̀, kí ó sì máa retí ẹni tí yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹlòmíràn ni oníṣẹ́ gíráfíìkì ń jẹ́. Bí a bá rán ènìyàn níṣẹ́, tí ó lọ jẹ́ ẹ, tí ẹni tí ó jẹ́ ẹ fún kò sì mọ ohun tí ó wí, kò jẹ́ iṣẹ́ náà rárá, ì báà jẹ́ pé ohùn rẹ̀ dùn bí agogo.

Ọ̀pọ̀ òbí ni kò ka iṣẹ́ yìí sí. Wọn a ní ọmọ tí ìwé kò yé ni kí ó lọ máa yàwòrán. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ẹni tí kò mọ ìṣirò, tí kò mọ bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìṣì í kọ, tí kò sì ní sùúrù láti gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń fẹ́, kò lè pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà kí ó tó sá.

Kì í ṣe àná ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní Abẹ́òkúta ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sí ní 1854, ní oṣù Kejìlá 1859 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. Àwọn ọmọ ìlú ni ó kọ́ ní iṣẹ́ náà. Wọ́n ń ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó léra ní ìdàkejì, wọ́n ń pa tàdáwà sí i, wọ́n sì ń fi bébà tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìròyìn náà dákẹ́ ní 1867 nígbà Ìfọ́lé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn ọmọ náà kọ́ kò dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Àìná Ọnàbólú dìde. Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ọ̀rẹ̀, ni ìlú rẹ̀. 1882 ni a bí i. Ó rọ ìjọba títí wọ́n fi gbà pé ó yẹ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà nínú ilé-ẹ̀kọ́, ní 1927 ni Kenneth Murray sì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá láti darapọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìkọ́ni náà. Akínọlá Laṣekan, tí ó ya àwòrán Ajaka ti Ọ̀wọ̀ ní 1944, kò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí yóò lọ. Ẹ̀kọ́ tí a ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti òkè òkun ni ó fi kọ́ iṣẹ́, ọdún 1944 kan náà ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ ìṣèlú sínú West African Pilot, ìwé ìròyìn Azikiwe. “Lash” ni ó ń kọ sí ìsàlẹ̀ wọn. Ẹni tí kò lè ka àkọlé ìwé ìròyìn náà lè wo àwòrán Lash kí ó sì mọ ẹni tí à ń bá wí. Ní tòsí Ọ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ní 1956, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà fún ọdún kan ní Ondo Boys' High School, kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Zaria. Bruce Onobrakpeya ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó wá ya àwọn àwòrán inú Forest of a Thousand Daemons, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ láti inú iṣẹ́ Fágúnwà, tí ó jáde ní 1968.

Ṣùgbọ́n kí a padà sí ìdí pátákó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ní Ọ̀rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà ni ìpìlẹ̀. Akọ̀wé-pátákó tí ó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ fi okùn tí ó kun ẹfun fa ìlà méjì, ọ̀kan fún orí lẹ́tà, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kí ó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ọmọ iṣẹ́ tuntun a máa rò pé bí òun bá ti fi rúlà wọn àlàfo tí ó wà láàárín àwọn lẹ́tà, tí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú AYỌ̀, A fẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ó sì ṣóńṣó lókè, Y ṣóńṣó ní ìsàlẹ̀ ó sì fẹ̀ lókè; bí a bá fi rúlà wọn àárín wọn, yóò dà bí ẹni pé wọ́n bára wọn jà. Nínú ILÉ, I àti L nàró gbọnrangandan, àlàfo kan náà yóò sì mú kí wọ́n dà bí ẹni pé wọ́n fún mọ́ra. Ojú ni í ṣe ìdájọ́, kì í ṣe rúlà. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà O: bí a bá ṣe é kí gíga rẹ̀ bá ti H mu gẹ́lẹ́, yóò kéré lójú. Nítorí náà ni àgbà oníṣẹ́ fi í jẹ́ kí O yọ díẹ̀ kọjá ìlà lókè àti ní ìsàlẹ̀, àwọn tí ń kọjá kò sì mọ̀ pé a tan ojú wọn jẹ kí wọ́n lè rí òtítọ́. Ẹni tí ó kọ́ èyí pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, bí ó bá dé ìdí kọ̀ǹpútà, kì í ṣòro fún un; ẹni tí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ó kọ́kọ́ mọ̀ a máa pẹ́ kí ó tó rí i pé ẹ̀rọ náà kò lójú.

Lẹ́yìn lẹ́tà ni ìrònú, ibẹ̀ ni owó sì wà. Ká ní ìyá kan fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ sí ẹ̀bá títì ní Ọ̀rẹ̀, tí ó sì tọ ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ gíráfíìkì kan wá.

“Ọmọ mi,” ni ìyá náà wí, “kọ orúkọ mi gàdàgbà. Kọ iyán, ẹ̀bà, àmàlà, fùfú, ìrẹsì, ẹran ìgbẹ́ àti ẹja tútù. Fi fọ́tò mi sí i pẹ̀lú ti àwọn ọmọ mi. Kọ Sáàmù kẹtàlélógún sí ìsàlẹ̀, má sì gbàgbé nọ́ńbà mi méjèèjì.”

“Mo gbọ́, Mà. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ẹ fẹ́ kí ó ka pátákó náà?”

“Ta ni ì bá tún jẹ́? Awakọ̀ ni, àti àwọn èrò tí wọ́n bá kó.”

“Níbo ni wọn yóò wà, Mà, nígbà tí wọ́n bá ń kà á?”

“Orí títì ni, lórí eré.”

Ìbéèrè méjì yìí ni iṣẹ́ náà dúró lé. Ọkọ̀ tí ó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ènìyàn inú rẹ̀ bá fi ojú sí pátákó fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, mítà 50 ti kọjá, èyí tí í ṣe nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 164. Láàárín àkókò bẹ́ẹ̀ ó ṣòro kí ènìyàn ka ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ìṣirò kan wà tí àwọn akọ̀wé-pátákó ń lò káàkiri ayé: fún ẹsẹ̀ bàtà 10 tí òǹkàwé bá fi jìnnà, kí lẹ́tà ga ní íǹṣì 1, kí ó lè kà á pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí a fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti mítà 50, lẹ́tà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga tó íǹṣì 16. Páákó pẹlẹbẹ tí à ń rà lọ́jà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, èyí tí í ṣe íǹṣì 48. Ìlà méjì irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni yóò gbà pẹ̀lú àlàfo tí ó yẹ, ìlà kọ̀ọ̀kan kò sì lè gbà ju lẹ́tà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ. Níbo ni a ó wá fi Sáàmù sí?

Oníṣẹ́ tí kò gbọ́n yóò gba owó ìyá náà, yóò kọ gbogbo rẹ̀ bí ó ti wí, pátákó yóò sì kún bí ọjà Ọ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí òwò bá gbóná, kò ní sí awakọ̀ tí yóò kà á. Oníṣẹ́ tí ó gbọ́n yóò kọ ILÉ IYÁN sí ìlà kìíní, yóò kọ DÚRÓ JẸUN sí ìlà kejì, yóò sì bẹ ìyá náà pé kí ó jẹ́ kí òun ṣe pátákó kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹni tí ó ti jókòó, tí ó ń dúró de oúnjẹ, yóò ti rí àyè ka orúkọ rẹ̀, irú oúnjẹ tí ó wà àti Sáàmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í rọrùn láti sọ èyí fún àgbàlagbà tí ó mú owó rẹ̀ dání. Ìdí nìyí tí ìwà ọmọlúàbí fi jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà: ọmọ tí yóò sọ fún ìyá pé ohun tí ó ń fẹ́ kò ní ṣe é láǹfààní gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń kúnlẹ̀ sọ ọ́.

Ní ti àwọ̀, kí á má fa ọ̀rọ̀ gùn. Dúdú lórí ìyeyè a máa hàn láti òkèèrè. Pupa lórí dúdú a máa rì bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ewéko yí Ọ̀rẹ̀ ká, nítorí náà pátákó aláwọ̀ ewé a máa wọ inú igbó lọ lójú ẹni tí ń bọ̀. Eruku pupa ẹ̀bá ọ̀nà sì ń bẹ pẹ̀lú, tí í sọ funfun di àwọ̀ ilẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a sáré kọjá lórí rẹ̀, èyí ni ti àmì èdè Yorùbá. Pátákó tí a kọ ní èdè Yorùbá láìsí àmì pọ̀ lójú títì ju èyí tí ó ní àmì lọ, àwọn oníṣẹ́ sì ti sọ ọ́ di àṣà. Ẹni tí ó bá kọ ATUNSE OKO sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kò tíì sọ bóyá ọkọ̀ ni òun ń tún ṣe, tàbí ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, tàbí ọkọ tí ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà nílé. Àwọn tí ń kọjá mọ̀ ọ́n nítorí pé wọ́n rí ọ̀pá irin àti ọ̀rá dúdú nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kì í ṣe pátákó ni ó sọ fún wọn. Láti oṣù Kìíní ọdún 1875, nígbà tí a ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè yìí sílẹ̀, ni a ti ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀. Kò sí àwáwí fún ẹni tí ó ń fi ìkọ̀wé jẹun.

Ó dájú pé ìdí wà tí wọ́n fi ń fi àmì sílẹ̀. Oríṣi lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà pọ̀ tí kò ní ẹ tàbí ọ olóòjò nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ mìíràn sì wà tí í gbé àmì ohùn sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀, bí fìlà tí ó ṣí kúrò lórí olówó rẹ̀. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ tó yan oríṣi lẹ́tà kan fún iṣẹ́ Yorùbá, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ bí i ṢỌ́Ọ̀ṢÌ tàbí Ẹ̀Ẹ̀RÙN dán an wò. Bí ó bá ṣubú, kí ó wá òmíràn. Ìlà Yorùbá ń fẹ́ àyè ju ìlà Gẹ̀ẹ́sì lọ pẹ̀lú, nítorí pé àmì wà lókè, àmì wà nísàlẹ̀. Bí ìlà bá fún mọ́ra jù, àmì ìsàlẹ̀ ìlà kìíní yóò gun àmì òkè ìlà kejì. Bí iṣẹ́ bá sì fẹ́ lọ sí ilé ìtẹ̀wé, kí oníṣẹ́ sọ àwọn lẹ́tà náà di àwòrán kí ó tó fi ránṣẹ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ lè má ní irú lẹ́tà náà, yóò sì fi èyí tí ó wù ú rọ́pò rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kò yí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà padà, ọ̀nà ìṣe ni ó yí. CorelDRAW jáde ní 1989, Photoshop sì jáde ní 1990. Àwọn méjèèjì ni ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń kọ́kọ́ pàdé. Ohun tí ó yẹ kí ó tètè yé e ni pé oríṣi àwòrán méjì ni ó wà nínú wọn. Àwòrán kìíní jẹ́ àkójọ ẹyọ àwọ̀ wẹ́wẹ́ tí a tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Fọ́tò jẹ́ irú èyí. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ jù, ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò fara hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ẹni inú rẹ̀ yóò sì ṣú. Nítorí èyí ni fọ́tò tí a fi WhatsApp ránṣẹ́, tí a ti fún pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, kì í fi í dára fún pátákó ńlá, bí ó tilẹ̀ dán lójú fóònù. Àwòrán kejì kò ní ìlẹ̀kẹ̀: ìṣirò ìlà àti ìkọ́rọ̀ ni kọ̀ǹpútà pa mọ́, bí a bá sì fẹ̀ ẹ́ tó ẹ̀gbẹ́ ilé kò ní bàjẹ́. Àmì ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́, tí yóò wà lára káàdì kékeré lónìí, tí yóò sì wà lára tírélà lọ́la, irú kejì yìí ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́.

Àwọ̀ pẹ̀lú a máa tan ènìyàn jẹ. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń dá gbogbo àwọ̀. Ṣùgbọ́n tàdáwà mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, irú búlúù kan, irú pupa kan, ìyeyè àti dúdú. Àwọ̀ ewé tí ó ń tàn yanran lójú fóònù lè jáde lórí bébà bí ewé tí ó ti ń rọ. Oníbàárà kò mọ èyí. Oníṣẹ́ ni ó yẹ kí ó wí fún un ṣáájú. Kí ó sì tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá etí bébà ní nǹkan bí mìlímítà 3 yíká, nítorí pé ọ̀bẹ tí a fi ń gé bébà kì í bá ojú ìlà mu gẹ́lẹ́ nígbà gbogbo.

Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, ọ̀nà méjì ni ó wà. Àkọ́kọ́ ni kí ó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, títí wọn yóò fi ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un. Èkejì ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Láti Ọ̀rẹ̀ kò jìnnà sí Oǹdó, níbi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìjọba Àpapọ̀ Adéyẹmí. Àkúrẹ́ ní ẹ̀ka ìkọ́ni tirẹ̀ ní FUTA. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Bìní lọ yóò dé Auchi. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Èkó lọ yóò dé Yaba, tí a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ sílẹ̀ ní 1947. Èyí tí ó dára jù ni kí ènìyàn ṣe méjèèjì bí agbára bá wà. Ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà kọ́ ọmọ bí a ti ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà tí ó ń sá, ọ̀gá ẹ̀bá títì kì í sì í sábà mọ ìdí tí ohun tí ó ń ṣe fi dára.

Ó yẹ kí ọmọ tí ó fẹ́ wọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ẹ̀rọ a máa lé ènìyàn kúrò nídìí rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń tẹ fúlẹ́ẹ̀sì tàn ká ilẹ̀ Nàìjíríà lẹ́yìn ọdún 2000, iṣẹ́ tí akọ̀wé-pátákó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe di ohun tí a ń tẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ àgbà oníṣẹ́ ni ó ká búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tí ó kù lára wọn ni àwọn tí ó kọ́ kọ̀ǹpútà, àti àwọn tí ó di ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe mú, gẹ́gẹ́ bí ara ọkọ̀ ajágbé, ògiri ilé-ẹ̀kọ́ àti pátákó páànù tí a fẹ́ kí ó pẹ́. Nítorí pé oòrùn a máa pa àwọ̀ fúlẹ́ẹ̀sì kíákíá, ọ̀dà tí ó dára lára páànù a sì máa pẹ́ jù ú lọ. Lónìí ẹ̀rọ mìíràn tún ti dé, tí ènìyàn lè sọ ohun tí ó ń fẹ́ fún, tí yóò sì ya àwòrán náà kí ó tó ṣẹ́jú. Àwòrán rẹ̀ a máa dán. Bí a bá ní kí ó kọ Yorùbá sí i, ọ̀pọ̀ ìgbà ni í ṣì í kọ tí í sì í fi àmì sí ibi tí kò yẹ, ẹni tí kò mọ èdè náà kò sì ní rí i.

Àwọn ọkùnrin méjì kan wà tí ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìtàn wọn yẹ̀ wò pọ̀. Táíwò Akínkúnmi, ọmọ Ìbàdàn tí a bí ní 1936, ń kọ́ ẹ̀kọ́ ní Norwood Technical College ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ó rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé à ń wá ẹni tí yóò ya àsíá fún Nàìjíríà. Ó ya àwọ̀ ewé méjì, ó fi funfun sáàárín, ó sì fi oòrùn pupa sórí funfun náà. Àwọn adájọ́ yọ oòrùn náà kúrò, wọ́n sì gba ìyókù; 100 pọ́n-ùn ni ẹ̀bùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1960 ni a ta àsíá náà sókè. Kí a wí i gbangba, àwọn adájọ́ náà ṣe ohun tí ó tọ́: àwòrán tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè yà láti inú orí rẹ̀ ni àsíá tí ó dára. Ṣùgbọ́n Akínkúnmi kò fi àwòrán ṣe iṣẹ́ ṣe. Ó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba nídìí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí àwọn tí ń kí àsíá rẹ̀ láràárọ̀ kò mọ̀ pé ó wà láàyè. Ní 2014 ni ìjọba àpapọ̀ fi oyè OFR dá a lọ́lá. Ó kú ní oṣù Kẹjọ 2023.

Èkejì ni Lemi Ghariokwu, tí a bí ní Èkó ní 1955. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ ara rẹ̀. Ní 1974 akọ̀ròyìn kan rí àwòrán Bruce Lee tí ó yà, tí a gbé kọ́ sí ilé ọtí kan ní àdúgbò, ó sì ní kí ó ya Fẹlá. Nígbà tí Fẹlá rí ti ara rẹ̀, ó kọ sọ̀wédowó 120 náírà fún ọmọ náà. Ọmọ náà kò gbà á; ó ní ẹ̀bùn ni òun fi ṣe. Fẹlá wá fún un ní ìwé ìwọlé sí ibi orin rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi gbé iṣẹ́ èèpo àwo Alagbon Close lé e lọ́wọ́. Èèpo àwo Fẹlá tí ó ṣe lẹ́yìn náà tó 26. Àwọn kan a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé kíkọ owó ni ọgbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe é láǹfààní ni pé iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ògiri níbi tí ènìyàn ti lè rí i, àti pé lẹ́yìn iṣẹ́ kìíní ó ṣe ìkejì, ó ṣe ìkẹta, títí ọwọ́ rẹ̀ fi di ohun tí a lè dá mọ̀ láìka orúkọ.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò ní, “Jẹ́ kí a rí èyí tí o ti ṣe.” Nítorí náà kí ó kó iṣẹ́ mẹ́wàá tí ó dára jọ, kí ó má ṣe kó ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá tíì ní oníbàárà, kí ó wo pátákó tí kò dára ní àdúgbò, kí ó tún un yà lórí bébà, kí ó sì fi han ẹni tí ó ni ín. Iye tí yóò gbà, kí ó má ṣe wo ẹnu ẹlòmíràn dá a. Kí ó ṣírò bébà, tàdáwà, epo jẹnẹrétọ̀, owó ọkọ̀ àti ọjọ́ tí yóò fi jókòó, kí ó sì fi èrè lé e. Kí ó gba ìdajì owó kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí àdéhùn sì wà lórí bébà nípa ẹni tí yóò ni àwòrán náà lẹ́yìn tí a bá sanwó tán. Nàìjíríà ní òfin tí ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, èyí tí ó wà lóde sì ni ti 2022, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún òfin láti gbe ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ìwé ètò ìsìnkú. Àwọn ẹbí a dé pẹ̀lú ọ̀fọ̀, wọn a fẹ́ 500 ní ọjọ́ kejì, orúkọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ a sì pọ̀ bí ewé. Bí orúkọ ọmọ kan bá ṣìnà, tàbí tí a bá kọ ọdún ìbí olóògbé ní òdì, ilé yóò dàrú ní iwájú òkú, ẹni tí a ó sì dì ẹ̀bi náà rù ni oníṣẹ́. Àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ a máa tẹ ẹyọ kan ṣoṣo, wọn a gbé e fún àgbà ẹbí, wọn a ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.” Bí bàbá kò bá lè kàwé, wọn a kà á sí i létí, níṣojú ẹni méjì. Lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé yìí ni ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Bí oníṣẹ́ bá ti ní oníbàárà bí mélòó kan tí ń padà wá, ìpolówó tirẹ̀ kì í gbówó mọ́. Ẹni tí ó bá rìn láti ìdíkọ̀ Ọ̀rẹ̀ gba ọ̀nà Òkìtìpupa, tí ó sì fara balẹ̀ wo igun ọ̀tún ìsàlẹ̀ àwọn pátákó, yóò rí i níbẹ̀: orúkọ kan àti nọ́ńbà fóònù kan, ní lẹ́tà tí kò ga tó íǹṣì kan, tí ènìyàn kò lè kà bí kò bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.